Èwo ni ká kọ síwájú? Bí a ṣe ń to orúkọ ọmọ sórí ìwé

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí lọ́jọ́ tí mo jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí olùṣọ́ ń pe orúkọ wa. Ó pe orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Ó ti fẹ́ fagi lé e kí ọ̀rẹ́ mi tó fọwọ́ tọ́ mi pé, "Ìwọ mà ni!" Orúkọ tí bàbá mi kọ síwájú nínú ìwé ẹ̀rí ìbí mi ni. Láti ọjọ́ ìkómọ mi, ẹnikẹ́ni ò fi pè mí rí. Èyí tí gbogbo ilé ń pè wà láàárín, níbi tí olùṣọ́ ò ní kà dé. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lógún, àwọn àbúrò àti ọ̀rẹ́ mi tó bá lóyún sì máa ń ké sí mi kí n bá wọn tò ó. Bí mo ṣe ń bá wọn tò ó ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Àwọn bàbá wa ò mọ orúkọ iwájú, wọn ò sì mọ orúkọ àárín. Ọmọ lè ní orúkọ mẹ́wàá, kí kálukú máa fi èyí tó sọ ọ́ pè é. Ìwé ìrìbọmi àti fọ́ọ̀mù ìjọba ló mú ipò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ipò ti wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́: èyí tó bá wà níwájú ni tíṣà máa pè, ni nọ́ọ̀sì máa pè, ni báńkì máa kọ sára káàdì. Èyí tó wà láàárín sábà máa ń di lẹ́tà kan ṣoṣo.

1. Ẹ kó orúkọ jọ kí aboyún tó bí

Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá bímọ sí Amẹ́ríkà kì í sábà rí ọjọ́ mẹ́jọ yẹn lò, torí pé ilé ìwòsàn á ti gbé fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ìbí wá bá ìyá ọmọ kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Ní England, ọjọ́ 42 ni òfin fún yín láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ní Scotland, ọjọ́ 21. Ẹ lè kómọ tán níbẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ẹ wá ìwé kan. Ẹ béèrè orúkọ lọ́wọ́ òbí ọkọ, lọ́wọ́ òbí ìyàwó, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àgbà nínú ilé. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tó mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má yọ ti ẹnì kankan kúrò. Ẹni tó bá sọ owó sínú abọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ti ní ẹ̀tọ́ láti máa fi orúkọ tó sọ pe ọmọ náà títí ayé, bí kò tilẹ̀ dé orí ìwé kankan.

2. Ẹ yẹ irú orúkọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wò

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ àmútọ̀runwá, torí pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ yàn án, ọmọ ló gbé e wá. Fún Táíwò àti Kẹ́hìndé, fún Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn àti Àlàbá tó tẹ̀lé Ìdòwú, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ ọ́ síwájú. Ẹ fẹ́, ẹ kọ̀, òun ni gbogbo àdúgbò máa pè. Bí ẹ bá yàn láti fi sáàárín, ẹ fi ti àwọn méjèèjì sáàárín. Kí Táíwò má wà níwájú fún ọ̀kan kí Kẹ́hìndé wá fara pamọ́ fún èkejì. Nǹkan kan tún wà tí àwọn òbí ìbejì kì í rò: orúkọ ìdílé wọn bára mu, ọjọ́ ìbí wọn bára mu, orúkọ iwájú nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá pe ọ̀kan ní Olúwatóbi tí ẹ pe èkejì ní Olúwatóbilọ́ba, wọ́n á máa fún Kẹ́hìndé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó jẹ́ ti Táíwò.

Ti Ìgè tó fẹsẹ̀ jáde, ti Àjàyí tó dojú bolẹ̀, ti Òjó àti Àìná tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, ti Dàda tí irun rẹ̀ ta kókó, yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ti ń gbàgbé wọn pátápátá, ó sì ń dùn mí, nítorí pé orúkọ wọ̀nyí ni ìtàn bí ọmọ ṣe dé ayé. Àárín ni mo máa ń fi wọ́n sí. Níbẹ̀, wọn kò ní sọ nù. Samuel Àjàyí Crowther la mọ̀ dòní: Samuel ni orúkọ tó gbà nígbà ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825, ṣùgbọ́n Àjàyí tó gbé wá sáyé kò kúrò láàárín. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́: Òjó, Àjàyí, Ìgè àti Dàda ti di orúkọ ìdílé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí orúkọ ìdílé yín bá jẹ́ Òjó, tí ẹ fi Àjàyí sáàárín, akọ̀wé á máa béèrè èwo gan-an ni ti bàbá ọmọ nínú méjèèjì.

Orúkọ àbíkú, ipò rẹ̀ hàn kedere lára Moshood Káṣìmáawò Ọláwálé Abíọ́lá. Ọmọ kẹtàlélógún ni fún bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tí kò kú ní kékeré. Bàbá rẹ̀ ní ká ṣì máa wò ó ná. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tó wá sọ ọ́ ní Moshood. Orúkọ ẹ̀rù di ti àárín, èyí tí wọ́n fi ìdánilójú sọ wá bọ́ síwájú. Bí ilé yín bá ti rí irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ìyá àgbà sì ní dandan ni kí ọmọ jẹ́ Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fi sáàárín. Rótìmí àti Bánjókòó lè dúró níwájú láìsí wàhálà, àwọn méjèèjì dùn ún pè, ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú wọn kò sì le létí.

Oríkì ni ibi tí èmi àti àwọn òbí tuntun kì í ti í fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n fẹ́ràn Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀ní, wọ́n fẹ́ fi ṣáájú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n oríkì jẹ́ orúkọ ìkẹ́, ẹnu àgbà ló ti ń dùn, ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí wọn. Bí ẹ bá kọ ọ́ síwájú, ọmọ kíláàsì rẹ̀ á máa pariwo rẹ̀ mọ́ ọn lórí pápá, ẹni tó fẹ́ gba owó iná á máa pè é lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ìyá àgbà bá sì fẹ́ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò ní kù nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ fi sáàárín, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹnu nìkan. Ó tún ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe láàárín níbẹ̀. Ayọ̀délé, Olúwatósìn, Táíwò, Abíọ́dún, akọ ń jẹ́ ẹ, abo ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka Ayọ̀délé Àkànní ti mọ̀ pé ọkùnrin ni, bó bá sì ka Ayọ̀délé Àníkẹ́, kò ní béèrè.

Orúkọ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ńkọ́? Àárín ni. Ìdí rẹ̀ wà nínú ilé wa: ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bí ẹ bá wá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ bàbá yẹn, tí ẹ kọ ọ́ síwájú, ìyá ọmọ á di ẹni tó ń wá àdàpè kiri fún ọmọ tó bí, tàbí kó máa fi orúkọ àna rẹ̀ bá ọmọ wí lójú àna. Mo mọ ilé tí ìyàwó ti ń pe ọmọkùnrin rẹ̀ ní "Bàbá" títí ọmọ fi wọ iléèwé, torí pé kò lè pe orúkọ tó wà níwájú. Babátúndé àti Yétúndé kò sí nínú èyí, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bó bá tọ́ sí ọmọ, tí bàbá tàbí ìyá àgbà ti lọ kó tó dé, wọ́n lè wà níwájú.

Orúkọ ẹ̀sìn, a ti tò ó ní oríṣiríṣi ọ̀nà láti ìgbà pípẹ́. Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè fi ti ìmàle ṣáájú. Ọbáfẹ́mi Jeremiah Oyèníyì Awólọ́wọ̀ fi ti Bíbélì há àárín méjì. Ìdájọ́ mi ni pé ẹ má fi orúkọ àlejò síwájú nítorí pé ó máa "rọrùn" fún àwọn ẹlòmíràn nìkan. Bí ẹ bá kọ Helen síwájú Fọláṣadé, iléèwé á máa pe Helen, Fọláṣadé á sì sùn sínú ìwé. Mo mọ̀ pé nígbà mìíràn ti àárín máa ń borí: Helen Folasade Adu, olórin tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959, Ṣadé ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Akínwándé Olúwọlé Babátúndé ni Ṣóyínká, èyí tó wà láàárín la sì ń pè. Ẹnu ilé wọn ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wọn ò yí padà tẹ̀lé ẹnu.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé Samuel tàbí Ràṣídátù lẹ ó máa pè é nínú ilé gan-an, ẹ kọ ọ́ síwájú, kò sóhun tó burú. Èyí tí ẹ ó máa pè ni kó ṣáájú. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló fa ìyà tí mo jẹ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ti ìdílé ló kù: Adé, Oyè, Àyàn, Ifá, Ògún, Akin. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí orúkọ ìdílé yín bá ti ní Adé níwájú, ẹ ò nílò Adé mìíràn lórí fọ́ọ̀mù kan náà, àyàfi tí ó bá dùn mọ́ yín. Adéwálé Adébáyọ̀ Adéyẹmí ń dún bí ìlù, mi ò lè purọ́, ṣùgbọ́n A. A. Adéyẹmí pọ̀ jọjọ nínú ayé.

3. Ẹ pè é sókè

Kí bàbá dúró sẹ́yìnkùlé, kó pe orúkọ náà bí ẹni pé ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ìyá pè é bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gé e kúrú, torí pé wọ́n máa gé e kúrú dandan. Olúfúnmiláyọ̀ níwájú, Ọláfúnmi láàárín: Fúnmi ni méjèèjì yóò dà, orúkọ kan ti ṣòfò. Ayọ̀délé pẹ̀lú Ayọ̀ọlá, Ayọ̀ ni. Ẹ wá èyí tí ìkékúrú rẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ìyẹn kì í ṣe pé orúkọ méjì tó ní ọ̀rọ̀ kan náà nínú kò lè bára gbé. Bùkáyọ̀ Ayọ̀yínká Tèmídayọ̀ ni orúkọ Saka tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Arsenal, tí wọ́n bí sí London ní 2001. Ayọ̀ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ọ̀kan ò jọ èkejì lẹ́nu. Èyí tó kúrú jù, tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́fà péré, ni wọ́n fi síwájú, àwọn Òyìnbó sì ń pè é nínú pápá láìkọsẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé orúkọ Yorùbá kò lè ṣáájú nílẹ̀ òkèèrè, ẹ fi èyí hàn án.

4. Ẹ bọ́ àmì orí rẹ̀ kúrò

Ìwé ìjọba kì í gba àmì ohùn, púpọ̀ nínú wọn kì í gba ààmì abẹ́ pàápàá. Ẹ kọ orúkọ iwájú ní lẹ́tà gàdàgbà láìsí àmì, kí ẹ wá fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí kó kà á. Ẹwà jẹ́ orúkọ tó dára, ṣùgbọ́n EWA lórí ìwé iléèwé lè di oúnjẹ tí wọ́n fi dòdò jẹ lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì. OJO lè di òjò tó ń rọ̀, ó sì lè di ẹni tí kò nígboyà. Orúkọ tó bá ní irú ewu yẹn, ẹ mú un gùn (Ẹwàolúwa ò lè di oúnjẹ), tàbí kí ẹ fi sáàárín.

Fún àwọn tó wà lókè òkun, ẹ fi etí Òyìnbó gbọ́ ọ. Dúpẹ́ lórí ìwé jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí ìtànjẹ lédè wọn. Dáre jẹ́ ìpèníjà. Ojútùú rẹ̀ kì í ṣe pé kí ẹ sá fún orúkọ náà. Ẹ kọ ọ́ ní kíkún: Modúpẹ́, Olúwadáre. Gbémisọ́lá níwájú máa ń fún wọn níṣòro nítorí pé wọn ò ní *gb*, wọ́n á máa pe *g* lọ́tọ̀, wọ́n á máa pe *b* lọ́tọ̀. Bí ọkàn yín bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ́ tíṣà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọmọ tó bá gbọ́ tí òbí rẹ̀ ń tún orúkọ rẹ̀ ṣe lẹ́nu ẹlòmíràn láìtijú, òun náà á mọ bó ṣe máa ṣe é lọ́la. Ti *ṣ*, ẹ yàn ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní, bóyá *s* tàbí *sh*, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Bí ẹ ò bá tọ́ akọ̀wé sọ́nà, òun ló máa yàn fún yín. Orúkọ Adétòkunbọ̀ gba inú lẹ́tà Gíríìkì kọjá ní Áténì kó tó padà di Antetokounmpo tí gbogbo ayé fi ń pe Giannis, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n.

Tòkunbọ̀ gan-an yẹ ní ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ló ń jẹ́ ẹ, ó sì tọ́ sí àwọn ọmọ yín tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé níbí, ọkọ̀ àti fìríìjì àlòkù náà ń jẹ́ tòkunbọ̀. Bí ọmọ bá máa wá kàwé nílé, ẹ fi orí kún un bíi Adétòkunbọ̀, tàbí kí ẹ fi sáàárín, bó ṣe wà fún David Oyètòkunbọ̀ Oyèlọ́wọ̀, òṣèré tí wọ́n bí ní Oxford ní 1976.

5. Ẹ ka lẹ́tà

Lábẹ́ ojú ìwé tí àwòrán wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ìlà méjì kan wà tí ẹ̀rọ ń kà. Àyè 39 péré ló wà fún orúkọ níbẹ̀, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, àyè méjì sì máa yà á kúrò lára ìyókù. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan tó ń jẹ́ Olúwadámiláre Olúwafúnmiláyọ̀ Adébámigbé. Adébámigbé jẹ́ 10, àyè méjì, Olúwadámiláre 13, àyè kan, Olúwafúnmiláyọ̀ 14. Ó di 40. Lẹ́tà kan ti ṣubú sílẹ̀, ti àárín ló sì ṣubú. Lórí káàdì Social Security ní Amẹ́ríkà, 26 ni àyè orúkọ iwájú àti ti àárín pọ̀. Ti ọmọ yìí jẹ́ 28.

Bí ẹ bá kọ Fúnmiláyọ̀ láàárín dípò Olúwafúnmiláyọ̀, 35 ni ti pásípọ́ọ̀tù, 23 ni ti káàdì. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ gé: Olúwafúnmiláyọ̀ ń jẹ́rìí pé Olúwa ti fúnni, Fúnmiláyọ̀ nìkan dà bí ẹni tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, orúkọ tí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé, ẹ fi síwájú, kí ẹ gé ti àárín fúnra yín kí ẹ̀rọ tó gé e. Ẹ má jẹ́ kí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa.

6. Ẹ kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo

Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù nílé ní àpótí mẹ́ta: orúkọ ìdílé, orúkọ iwájú, orúkọ àárín. Ẹ mú méjì nínú gbogbo orúkọ ọmọ fún ìwé. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi mẹ́ta sínú ìwé ẹ̀rí ìbí ti National Population Commission, tí ẹ wá fi méjì sínú NIN, tí tíṣà sì kọ èyí tó mọ̀ sí fọ́ọ̀mù WAEC, ọmọ ni yóò sáré kiri. NIN ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí pé ibẹ̀ ni JAMB ti ń fa orúkọ, báńkì náà sì ń wò ó. Kí ẹ fúnra yín dúró ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ sí i. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sílé ẹjọ́ búra àfídáfíìtì, a sì tún san owó ìkéde nínú ìwé ìròyìn, nítorí pé orúkọ iwájú àti ti àárín ọmọ rẹ̀ gba ipò ara wọn nínú ìwé kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá wà ní England tí ẹ sì kábàámọ̀ ètò tí ẹ ṣe, ẹ lè yí orúkọ ọmọ padà lórí ìwé ìbí bí oṣù 12 kò bá tíì pé láti ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ dà á kọ mọ́: gbogbo orúkọ, àmì ohùn orí wọn, ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpò tí ìwé ẹ̀rí ìbí wà, kí ẹ fún ìyá àgbà ní ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń ṣègbéyàwó, tí alága ìdúró bá béèrè oríkì rẹ̀, ẹ ò ní máa wo ojú ara yín.